Ọwọ́ Ń Ṣe É, Ẹnu Kò Dárúkọ Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Àfọwọ́ṣe ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ohun tí ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n ti ń hù ni. Ní kíláàsì kìn-ín-ní ti ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà tí a ń kọ́, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ 16 ní èdè Yorùbá. Àwọn kan kọ "mẹ́wàá àti mẹ́fà", àwọn mìíràn kọ "mẹ́fàlá". Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kọ "mẹ́rìndínlógún", nígbà tí a sì bi wọ́n léèrè pé kí ni "dín" ń ṣe láàárín ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, a kà á nínú àròkọ pé ọmọkùnrin kan "fọ́ igi", ó "fọ́ okùn", ìyá rẹ̀ sì "fọ́ aṣọ" sí méjì. Ẹ̀yin olùdánwò ẹlẹgbẹ́ wa mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa. A ó fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, a ó yọ máàkì, a ó sì ṣí ojú ewé kejì. Ìbéèrè tí a kì í bèèrè ni pé níbo ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èrò tiwa, tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí, ni pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti ya ọwọ́ ọmọdé kúrò lára ẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìdí orúkọ wá, nítorí orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Nígbà tí Friedrich Fröbel dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Blankenburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1837, kò tètè rí orúkọ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn fún un. Ní 1840 ni ó tó sọ ọ́ ní "ọgbà àwọn ọmọdé". Àwa ní tiwa, "jẹ́ kí ilé ó sinmi" ni a pè é. Orúkọ náà dùn létí, àwàdà sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń sọ: ilé ni a rò, a kò ro ọmọ. Kí ọmọ máa lọ kí ilé lè rójú. A kò sọ pé kí a pa orúkọ náà dà, ó ti mọ́ gbogbo ènìyàn lára. Ohun tí a rí ni pé orúkọ náà ti wọ inú iṣẹ́. Bí ọmọ bá ti jókòó jẹ́ẹ́, tí nǹkan kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó pariwo, ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ gbà pé ẹ̀kọ́ ń lọ.

Ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe ni ẹ̀kọ́ tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí ó tó yé e: ó bu omi, ó to igi, ó mọ amọ̀, ó ka èso. Kò sí ẹni tí yóò bá wa jiyàn pé ọ̀nà yìí dára ju kí a to ọmọ ọdún mẹ́ta sórí bẹ́ńṣì kí ó máa ké "A, B, D" lọ. Orúkọ tí a sì sábà máa ń rí lára pátákó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ṣe é ni ti Maria Montessori. Obìnrin oníṣègùn ni, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907 ni ó ṣí Ilé Àwọn Ọmọdé ní àdúgbò San Lorenzo ní ìlú Róòmù, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí jájẹ. Bí a bá wò ó dáadáa, jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ni òun náà ní ìbẹ̀rẹ̀: àwọn tí ó ni ilé fẹ́ kí àwọn ọmọ yé ba ògiri jẹ́ nígbà tí òbí wọn bá lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò fi í mọ síbẹ̀. Ó kíyè sí i pé bí a bá fún ọmọ ní nǹkan gidi láti ṣe, kí ó rọ omi, kí ó de bọ́tìnì, kí ó ti igi sínú ihò tí ó bá a mu, ọmọ náà yóò ṣe é ní àṣetúnṣe láìsí pé ẹnì kan ń lé e.

Ohun tí ó jọ wá lójú jù nínú ọ̀nà tirẹ̀ ni èyí tí a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ níbí. Ó ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta tí ó kọ́ lára Édouard Séguin, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé. Olùkọ́ yóò fi nǹkan han ọmọ, yóò sì dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò ní kí ọmọ mú èyí tí òun bá dárúkọ. Ní ìkẹyìn, yóò gbé e sókè, yóò bi ọmọ pé, "Kí ni èyí?" Bí nǹkan ti ń dé ọwọ́ ni orúkọ rẹ̀ ń dé etí, tí ó sì ń bọ̀ sí ẹnu. Fröbel pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1844, ó tẹ ìwé orin tí ìyá lè máa kọ fún ọmọ jáde, orin kọ̀ọ̀kan sì ní eré ọwọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba ọwọ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì yìí tí ó fi ẹnu sílẹ̀, ìlàjì ni ó gbà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ kí ojúlùmọ̀ wa kan ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan. A kò ní dárúkọ ibẹ̀, irú rẹ̀ pọ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ń da omi láti inú jọ́ọ̀gì kan sí èkejì. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ bí ọwọ́ àgbà. Àǹtí rẹ̀ dúró tì í. Ní gbogbo ìgbà tí a fi wò wọ́n, "pour" àti "good girl" nìkan ni ó jáde lẹ́nu àǹtí náà. Ọmọ kò sọ nǹkan kan rárá. Nígbà tí a jáde síta, a bèèrè ìdí tí kò fi bá ọmọ náà sọ Yorùbá, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì. Ó ní, "Ẹ má bínú. Bí àwọn òbí bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wọn á ní owó àwọn ni mo ń fi ṣòfò." A kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ènìyàn kì í bá a jà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò ohun tí ọmọ náà pàdánù. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ó gbọ́ fún iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Bí ó bá ṣe pé ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà ni ó wà, omi kan náà ì bá ti kó odidi agbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọlé. A ń pọn omi lódò, a ń fa omi ní kànga, a ń bu omi nínú àmù, a ń da omi nù, a ń rọ omi sínú ìgò, a ń wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó gbálẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé òun "da" omi sínú ìgò, ohun tí ó ń sọ yé wa, ṣùgbọ́n a fura pé kò tíì ṣe é rí. Ẹni tí ó bá ti rọ omi sí ìgò rí mọ̀ pé ẹnu ìgò kò gbòòrò, pé ọwọ́ ní láti rọra, pé bí a bá dà á, ilẹ̀ ni yóò gbà á. Kí ìyàtọ̀ náà tó dé inú ìwé atúmọ̀ èdè, ọwọ́ ni ó ti wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìmọ́tótó: a ń fọ aṣọ, a ń wẹ ọmọ, a ń bọ́jú, a ń ṣan ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti oúnjẹ, níbi tí a ti ń sẹ́ ògì tí a sì ń jọ èlùbọ́. Kò sí èyí tí ó ṣòro fún ọmọ ọdún mẹ́rin nínú gbogbo ìwọ̀nyí, bí ó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń gbọ́ ọ.

Ti "fọ́" tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni ó kan àwa olùdánwò jù. Ìkòkò a máa fọ́, igi a máa ṣẹ́, okùn a máa já, aṣọ a máa ya, a sì ń la igi ìdáná. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan kó púpọ̀ nínú wọn pọ̀, ọmọ tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ sì ń wá ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá, ó rí "fọ́", ó rọ̀ mọ́ ọn. Àwòrán kò lè kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ṣíṣẹ́ àti jíjá, nítorí pé ọwọ́ àti etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n: igi gbígbẹ a dún kí ó tó ṣẹ́, okùn a kọ́kọ́ fà kí ó tó já. Ẹ fún ọmọ ní ẹyọ ìgbálẹ̀, fọ́nrán òwú, bébà àlòkù àti èèpo ẹyin, kí ó máa bà wọ́n jẹ́ bí ó ti wù ú (inú ọmọdé kì í dùn tó ìgbà tí a bá ní kí ó ba nǹkan jẹ́), kí ẹ sì máa dárúkọ ohun tí ó ṣe bí ó ti ń ṣe é. A gbà pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní kọ "fọ́ okùn" fún wa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n ìṣirò ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. Lára ohun èlò Montessori ni ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ wúrà. Ẹyọ kan dá wà, mẹ́wàá tí a sín pọ̀ sára wáyà di ọ̀pá kan, ọ̀pá mẹ́wàá di ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ní kí ọmọ kó 15, yóò mú ọ̀pá kan àti ẹyọ márùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ pé mẹ́wàá àti márùn-ún. Ní èdè Ítálì tí Montessori ń sọ, kò sí ìjà kankan nínú èyí, nítorí márùn-ún àti mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ tiwọn náà ń sọ. Ní Yorùbá ńkọ́? Láti oókànlá dé ẹẹ́rìnlá, ọwọ́ àti ẹnu ṣì jọ ń lọ, nítorí ẹ̀rin lé ní ẹ̀wá ni ẹẹ́rìnlá. Bí ó bá di ẹẹ́dógún, ọ̀nà pínyà. Àrún dín ní ogún ni ẹnu ń wí. Ọwọ́ ń fi kún, ẹnu ń yọ kúrò. Ọmọ tí a bá fi èyí kọ́ kò lè gbọ́ "dín" nínú ọ̀rọ̀ náà láéláé, nítorí kò sí ohun tí ó dín ní ojú rẹ̀. A ti gbọ́ tí àwọn olùkọ́ kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé òǹkà Yorùbá le jù fún ọmọdé. Ẹ̀bi kò sí lára òǹkà, ohun tí a fi ń kà á ni kò bá a mu.

Òǹkà wa gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S. tí ó gbé ní Ìjàyè, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1887 lórí òǹkà Yorùbá, ó sì ṣàlàyé bí a ti ń ka owó ẹyọ. Òkìtì owó wà nílẹ̀, ẹni tí ń kà á ń wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún, márùn-ún mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ẹni tí ó bá fojú inú wo ẹni tí ó jókòó ti òkìtì yìí kò ní bèèrè mọ́ pé kí ló dé tí márùn-ún àti ogún fi jẹ́ òpó nínú òǹkà wa.

A kò ní owó ẹyọ mọ́, ṣùgbọ́n a ní ayò. Ọpọ́n ayò ní ihò méjìlá, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni ó sì ń wà nínú ihò nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ọmọ inú ihò márùn-ún: ogún géérégé. Ẹ kó ti inú ihò kan kúrò. Mẹ́rin ti dín nínú ogún, mẹ́rìndínlógún wà níwájú ọmọ láìsí àlàyé kankan, ihò tí ó ṣófo sì ń fi ohun tí ó dín hàn án. Ẹ dá ẹyọ kan padà sínú ihò náà, ó di mẹ́tàdínlógún. Ẹ tún dá ọ̀kan padà, ó di méjìdínlógún. Ọmọ ń rí ihò náà tí ó ń kún díẹ̀díẹ̀ títí ogún fi pé. A mọ̀ pé iye gbogbo ọmọ ayò, méjìdínláàádọ́ta, ti kọjá agbára rẹ̀, nítorí ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta ni àádọ́ta, a sì tún yọ méjì nínú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá dàgbà. Àwọn kan nínú wa ti dábàá pé kí a sọ òǹkà wa di ẹlẹ́wàá-ẹlẹ́wàá kí ó lè bá ti òyìnbó mu. Ìjiyàn náà kò tíì tán, a kò sì fẹ́ parí rẹ̀ níhìn-ín. Ogún ni ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nílò, ogún sì ti wà lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ wa kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Helen Verran, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tí ó wà lára àwọn tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ròyìn kan nínú ìwé rẹ̀, Science and an African Logic, tí ó jáde ní 2001. Olùkọ́ kan tí ó yẹ kí ó kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n gígùn kò ṣe é bí a ti là á sílẹ̀ fún un. Ó fún àwọn ọmọ ní páálí kékeré àti okùn. Wọ́n fi okùn wọn ara wọn, wọ́n wé e mọ́ páálí, wọ́n sì ka iye ìgbà tí ó wé. Verran sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ gbọ́ ẹ̀kọ́ náà yé. A fẹ́ràn ìròyìn yìí nítorí pé olùkọ́ náà kò dúró de ohun èlò láti òkè òkun.

Kí a má di ẹ̀bi ru àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi nìkan. Àwa tí ń ṣe lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ alohùn jẹ nínú rẹ̀. Ẹ ṣí ohun tí a ti kọ lórí eré òṣùpá àti eré ọmọdé. Ẹ ó rí orin, ẹ ó rí ègbè, ẹ ó rí àlàyé lórí àwítúnwí àti ìró ohùn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ibi tí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn ọmọ ti jókòó, ọwọ́ tí ó ń lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá jáde, ohun tí wọ́n dì mú, ibi tí wọ́n gbé e lé. Òkòtó di orúkọ lásán nínú ìwé wa, arìn di orúkọ lásán. A gbé ẹnu lọ sí yunifásítì, a fi ọwọ́ sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi gbé ọwọ́, ó fi ẹnu sílẹ̀. Nígbà tí ó bá di ìdánwò, a ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé bí a ti ń ta ayò. Yóò kọ ọ́ bí ó ti há a sórí, yóò gba máàkì rẹ̀ pé, kò sì fọwọ́ kan ọmọ ayò rí.

Ẹnì kan lè wí pé ìjọba ti parí ọ̀rọ̀ fún wa. Ìlànà ètò-ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 àti àtúnṣe rẹ̀ ti 1981 sọ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí eré sì jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí a ó fi kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni gba eré, wọ́n fi èdè sílẹ̀. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tí ó tún fẹsẹ̀ èdè abínibí múlẹ̀ títí dé kíláàsì kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. A kò fara mọ́ ìpinnu náà. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀ láti 1970, ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́, kí ìkéde 2025 tó dé ni ọmọbìnrin inú ìtàn wa ti ń da omi láìfọhùn. Ìlànà kò gbà á sílẹ̀ nígbà tí ó wà.

Nítorí náà, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni a fi ń lọ ara wa. Ìwé àṣẹ kò ka iye ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń sọ nígbà tí ọmọ ń fọ abọ́. Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí kún ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe. Kí ẹni tí ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta má lo ọmọ ayò o, nítorí imú ni irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí agolo mílíìkì tí ó ṣófo dára fún wọn. Ní ti ìdánwò, a dábàá pé níbi tí a bá ti ń ṣe ìdánwò àfẹnusọ, kí a gbé nǹkan síwájú akẹ́kọ̀ọ́, omi àti ìgò, okùn àti igi, ogún ẹ̀kùrọ́, kí ó ṣe é kí ó sì máa sọ ohun tí ó ń ṣe. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú kíláàsì tiwọn.

Àǹtí tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú gba ogún ọmọ ayò lọ́wọ́ wa ní ìparí táàmù. Ó ní òun yóò máa lò wọ́n nígbà tí òun bá ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ránṣẹ́ sí wa pé ọ̀kan ti sọnù. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ mọ̀ kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó kà wọ́n tán, ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, wọn ò pé ogún mọ́. Mọ́kàndínlógún ni." Wọ́n ṣì ń wá èyí tí ó sọnù lábẹ́ àga nígbà tí a gbọ́ gbẹ̀yìn.